Ẹ̀wù Tútù Nínú Ọ̀rá: Àkọsílẹ̀ Ìdánrawò Kan Lórí Ẹ̀rí Ibi Ọ̀ràn

Ọ̀ràn inú àkọsílẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀ràn gidi. Yàrá ìdánrawò ni àwọn olùkọ́ tò sílẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún tó ti ka ìwé ìwádìí ibi ọ̀ràn tán, àmọ́ tí ọwọ́ wọn kò tíì kan ẹ̀rí rí. Ẹ̀rí mẹ́fà ló wà níbẹ̀. Nígbà tí ẹjọ́ náà fi máa dé iwájú adájọ́ àfiṣe lọ́sẹ̀ kejì, méjì péré ló ṣeé gbé kalẹ̀. Mẹ́rin yòókù kò sọnù o. Gbogbo wọn wà nínú àpò wọn, tòun ti nọ́ńbà lára. Ẹ̀rí kì í sábà bàjẹ́ nínú láàbù. Ọwọ́ ẹni tó kọ́kọ́ gbé e ló ti ń bàjẹ́, wọn á wá dì í rèǹtèrente, wọn á sì fi ránṣẹ́.

Bí wọ́n ṣe to yàrá náà

Yàrá ọ́fíìsì ni, mítà mẹ́rin ní ìbú, mítà márùn-ún ní gígùn, ilẹ̀kùn kan, fèrèsé kan. Ìtàn tí wọ́n fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò ju ìlà mẹ́rin lọ: olè fọ́ fèrèsé wọlé lóru, ó já dúrọ́ọ̀ tábìlì, ó kówó lọ, ẹni tó ṣí ọ́fíìsì láàárọ̀ ló pe ọlọ́pàá. Wọn kò sọ fún wọn pé olè náà fara pa.

Àwọn olùkọ́ ku pódà funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí ilẹ̀ dúdú nítòsí fèrèsé, ọ̀kan nínú wọn sì fi bàtà tí wọ́n ti fi abẹ gé ní àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ojú abẹ yẹn ṣe pàtàkì. Irú bàtà kan náà lè wà lẹ́sẹ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn, ṣùgbọ́n ẹyọ bàtà yìí nìkan ló ní ojú abẹ yẹn, níbi tó wà àti bó ṣe gùn tó. Wọ́n kán nǹkan bíi mílílítà méjì ẹ̀jẹ̀ àgùntàn sétí dígí tó fọ́, wọ́n jẹ́ kó gbẹ mọ́jú. Súkúdìráfà wà lábẹ́ tábìlì. Ife tí ìtẹ̀ka wà lára rẹ̀ wà lórí tábìlì. Fóònù kan tó wà ní títàn dojú bolẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. Ẹ̀wù òwú kan wà ní igun yàrá, ó tutù rin, ẹ̀jẹ̀ kan náà sì wà lápá rẹ̀. Wọ́n tún dẹ pańpẹ́ kan: lára irin fèrèsé, wọ́n jẹ́ kí ibì kan tó ti dógùn-ún wà bẹ́ẹ̀, tó jẹ́ pé ẹni bá wò ó fìrí á pè é ní ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ.

Kí ẹnikẹ́ni tó wọlé, wọ́n ya àwòrán gbogbo rẹ̀, wọ́n sì wọn ibi tí ohun kọ̀ọ̀kan wà. Olùkọ́ tí kò bá ṣe èyí kò ní ohun tó máa fi ṣàyẹ̀wò iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́; àríyànjiyàn lásán ló máa dà lẹ́yìn ọ̀la.

Ohun tó wà nínú àpótí iṣẹ́ ni páálí ìbọ̀wọ́ kan, ìbòmú, pátákó ìtẹ̀lé mẹ́rin (èyí tí wọ́n ń tò sílẹ̀ láti máa tẹ̀ kí ẹsẹ̀ má bàa kan ilẹ̀), kámẹ́rà àti irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń gbé e lé, rúlà onígun bí L, tọ́ọ̀ṣì, téèpù ìwọ̀n, ọ̀pá olówùú ogún, omi aláìlẹ́gbin, èròjà àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, lẹ́búlẹ́bú ìtẹ̀ka àti búrọ́ọ̀ṣì tuntun, àpò pépà mẹ́wàá, àpò ọ̀rá mẹ́wàá, páálí líle mẹ́ta, téépù ìdì àti fọ́ọ̀mù. Wákàtí mẹ́ta ni wọ́n fún wọn, láti aago mẹ́sàn-án sí méjìlá. Àwọn olùkọ́ fún ara wọn lófin kan: kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ lanu bá akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀ àfi tẹ́nì kan bá fẹ́ fara pa.

Ààbọ̀ wákàtí àkọ́kọ́

Olórí ikọ̀ fi téépù dí ilẹ̀kùn. Kò rántí pé fèrèsé ni olè gbà wọlé, nítorí náà ìta fèrèsé wà ní gbangba títí iṣẹ́ fi parí. Ó yẹ kí téépù gbòòrò ju bó ti yẹ lọ lójú ẹni, torí pé a lè sún un wọlé bí iṣẹ́ bá ń lọ, àmọ́ bí ẹsẹ̀ èrò bá ti tẹ ibì kan, kò sí bí a ṣe lè sún téépù síta kó dá ilẹ̀ yẹn padà.

Ẹni tó ń kọ̀wé kọ orúkọ mẹ́rin sínú ìwé ìwọlé. Ẹni karùn-ún, tó di kámẹ́rà mú, ti sáré wọlé kó lè wá sọ́kẹ́ẹ̀tì iná. Àárín yàrá ló gbà. Ìdajì ipasẹ̀ inú pódà lọ sábẹ́ bàtà rẹ̀, kò sì mọ̀. Pátákó ìtẹ̀lé mẹ́rin ṣì wà nínú àpótí, nínú ọ̀rá tí wọ́n fi rà wọ́n.

Ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ kò le. Ẹnì kan á wọlé lákọ̀ọ́kọ́, ọwọ́ á wà lẹ́yìn tàbí nínú àpò, yóò gba ibi tó dájú pé olè kò jọ pé ó gbà, yóò máa tan tọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ ní ìdabùú kó tó gbé ẹsẹ̀, yóò sì máa to pátákó sílẹ̀ bó ṣe ń lọ. Kò ní gbé ohunkóhun. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó fún yàrá bí èyí. Iṣẹ́ yìí ló nira jù láti kọ́ ọ̀dọ́, torí ó dà bíi pé èèyàn ò ṣe nǹkan kan. Frances Glessner Lee, obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, rí èyí tipẹ́. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dá àwọn ọlọ́pàá lẹ́kọ̀ọ́ ìwádìí ikú ní Yunifásítì Harvard ní 1945, àwọn yàrá kéékèèké tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ni wọ́n ń lò, ohun gbogbo inú wọn jẹ́ ìdá kan nínú méjìlá bó ṣe rí gan-an. Ọwọ́ ò lè wọbẹ̀, ojú nìkan ló ní iṣẹ́ ṣe. Púpọ̀ nínú àwọn yàrá wọ̀nyẹn ṣì wà ní Baltimore, ibẹ̀ ni wọ́n sì ṣì ń fi wọ́n kọ́ni.

Ní ti àwòrán, ikọ̀ náà ya mọ́kànléláàádọ́rin. Ìyẹn kò burú. Wọ́n ya igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yàrá, wọ́n ya àwọn ohun tó wà nítòsí ara wọn pọ̀, kí wọ́n tó sún mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ ipasẹ̀ tó kù ìdajì yẹn, ìgbà mẹ́rin péré ni wọ́n yà á, gbogbo rẹ̀ lórí ìdúró, pẹ̀lú iná kámẹ́rà, láìsí rúlà. Iná tó bá tojú wá máa ń pa òjìji rẹ́, òjìji yẹn ló sì ń fi ojú bàtà hàn. Àwòrán tí wọ́n yà ní ìdagun náà ti na ipasẹ̀ yẹn gùn ju bó ṣe wà lọ. Láìsí rúlà, kò sí ẹni tó lè tẹ̀ ẹ́ jáde ní ìwọ̀n rẹ̀ gan-an kó gbé e ti bàtà afurasí. Bó ṣe yẹ kó rí nìyí: kámẹ́rà lórí irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, kó dojú kọ ilẹ̀ tààrà, àwòrán kan láìsí rúlà, òmíràn pẹ̀lú rúlà tó wà ní ipele kan náà pẹ̀lú ojú bàtà, kí wọ́n pa iná kámẹ́rà, kí wọ́n máa tan tọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀ láti ọ̀nà mẹ́ta ó kéré tán, àwòrán kọ̀ọ̀kan fún ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹnikẹ́ni tó lè ronú àtigbé e. Téépù lásán ni wọ́n fi gbé e. Pódà náà wá tòun ti gbogbo ìdọ̀tí ilẹ̀, ojú abẹ náà sì pòórá. Ẹ̀rí àkọ́kọ́ ti lọ.

Ẹni tó ń ya àwòrán ìlà yàrá náà fi àga ṣe ìbẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n rẹ̀. Ní nǹkan bí aago mẹ́wàá kọjá, ẹnì kan sún àga náà kó lè rí abẹ́ tábìlì. Nígbà tí olùkọ́ fi ìwọ̀n tirẹ̀ wé e, súkúdìráfà ti yẹ̀ ní ogójì sẹ̀ǹtímítà. Igun ògiri àti òpó ilẹ̀kùn ni à ń wọ̀n láti ọ̀dọ̀ wọn, nítorí àwọn kì í rìn.

Ohun tí wọ́n ṣe dáadáa

Ẹ̀jẹ̀ ara dígí ni. Ẹni tó gbà á pààrọ̀ ìbọ̀wọ́ kó tó sún mọ́ ọn, ó sì fi ìbòmú bo imú àti ẹnu, torí itọ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ tó láti ba àyẹ̀wò DNA jẹ́. Kò da èròjà sórí ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó fi ọ̀pá olówùú kan ra etí rẹ̀ fẹ́ẹ́, ó kán phenolphthalein sí òwú náà, ó dúró, kò rí àwọ̀ kankan, ló bá kán hydrogen peroxide sí i. Kíá ni píńkì yọ. Ìdúró àárín méjèèjì yẹn ni púpọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fò: bí àwọ̀ bá yọ kí peroxide tó kàn án, ohun mìíràn ló fà á, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀.

Ó wá kan ibi tó dógùn-ún lára irin. Àwọ̀ kò yọ títí ó fi lé ní ìṣẹ́jú kan, kó tó di píńkì rẹ́súrẹ́sú. Ẹnì kan ti fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ni. Olórí ikọ̀ kọ̀. Àwọ̀ tó bá yọ lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá kì í ṣe ẹ̀rí ohunkóhun, afẹ́fẹ́ nìkan tó láti pa èròjà náà láwọ̀ da. Pańpẹ́ kò mú wọn. Àṣìṣe wọn níbí kò ju ẹyọ kan lọ: “ẹ̀jẹ̀ èèyàn” ni wọ́n kọ sára àpò. Àyẹ̀wò yìí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín àgùntàn àti èèyàn. Ohun tó lè sọ kò ju “ó jọ ẹ̀jẹ̀” lọ, bẹ́ẹ̀ ló sì yẹ kí wọ́n kọ ọ́.

Ọ̀pá olówùú méjì ló fi gba ẹ̀jẹ̀ fún láàbù, èyí àkọ́kọ́ tí wọ́n kán omi aláìlẹ́gbin díẹ̀ sí kó lè tú ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ, èkejì ní gbígbẹ láti kó ìyókù. Ó jẹ́ kí méjèèjì gbẹ. Ó tún mú ọ̀pá kẹta láti inú páálí kan náà, ó kán omi kan náà sí i, kò fi kan ohunkóhun, ó dì í lọ́tọ̀, kí láàbù lè mọ̀ bóyá DNA ẹlòmíràn ti wà lára òwú tàbí omi náà tẹ́lẹ̀. Olùkọ́ tó ń ṣọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà fi ìlà méjì sábẹ́ ibẹ̀ nínú ìwé rẹ̀.

Ẹni tó bá rò pé ọ̀pá kẹta yẹn jẹ́ ìfiṣòfò, kó wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Jámánì. Ní April 25, 2007, wọ́n yìnbọn pa ọlọ́pàábìnrin kan ní ìlú Heilbronn. DNA obìnrin kan tí wọ́n rí níbẹ̀ bá èyí tí wọ́n ti rí nínú ọ̀ràn mìíràn mu, ní Jámánì, Austria àti Faransé, títí kan ìpànìyàn kan tó ti ṣẹlẹ̀ láti 1993. Ibi ọ̀ràn bí ogójì ni wọ́n ti bá obìnrin yìí pàdé. Ìpànìyàn, olè jíjà, ọ̀rọ̀ oògùn olóró, kò sí èyí tí kò sí níbẹ̀. Ẹ̀bùn €300,000 ni wọ́n sọ pé àwọn máa fún ẹni tó bá júwe rẹ̀. Ní 2009, wọ́n ń wá ẹni tí òkú ọkùnrin kan tó jóná jẹ́, wọ́n lọ yẹ ìtẹ̀ka tí ó ti fi sílẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ wò, DNA obìnrin náà ló tún jáde. Ìgbà yẹn ni ojú wọn tó là. Kò sí ọ̀daràn kankan. Obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe ọ̀pá olówùú ló ni DNA náà. Wọ́n ti pa kòkòrò ara òwú náà lóòótọ́, àmọ́ ohun tó ń pa kòkòrò kì í pa DNA rẹ́. Ìgbà tó di 2016 ni ìlànà ISO 18385 jáde láti ọwọ́ ISO, àjọ àgbáyé tó ń gbé ìlànà kalẹ̀, èyí tó sọ bí DNA èèyàn kò ṣe gbọ́dọ̀ wà lára irú ohun èlò bẹ́ẹ̀.

Ife náà yè pẹ̀lú. Wọ́n kọ́kọ́ fi ọ̀pá olówùú gba etí rẹ̀ tí ẹnu kàn, kí wọ́n tó fi búrọ́ọ̀ṣì tuntun ku lẹ́búlẹ́bú sí ara rẹ̀. Wọ́n ya ìtẹ̀ka náà kí wọ́n tó gbé e. Búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti lò káàkiri máa ń kó DNA láti ibì kan dé ibòmíràn. Tuntun tí wọ́n lò ló gbà wọ́n.

Àpò pépà tó tán

Láàárín aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ sí mẹ́wàá ààbọ̀, ohun mẹ́rìnlá ni wọ́n dì. Kàlẹ́ńdà ara ògiri wà níbẹ̀, bíírò mẹ́ta, àpò ìdọ̀tí òfìfo, ìwé ìsanwó méjì. Ìbẹ̀rù ló fà á. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò mọ ohun tó ṣe pàtàkì máa ń kó gbogbo rẹ̀, kí wọ́n má bàa bá a wí pé ó fi nǹkan sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa dé ìdí ẹ̀wù tútù, àpò pépà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ti tán. Ẹni tó ń dìí wo yàrá yíká, ó mú ọ̀rá, ó ki ẹ̀wù bọ̀ ọ́, ó lẹ̀ ẹ́ pa pinpin.

Gbogbo wọn ló mọ òfin yẹn lórí ìwé. Wọ́n ti kọ ọ́ nínú ìdánwò pé ohun tútù kì í wọ ọ̀rá. Ètò ni kò sí: kò sẹ́ni tó ka àpò kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó fi méjì pa mọ́ fún ohun tó lè yọjú.

Olùkọ́ dákẹ́. Àwọn mìíràn nínú iṣẹ́ yìí gbà pé ojú ẹsẹ̀ ló yẹ kí wọ́n ti tọ́ akẹ́kọ̀ọ́ sọ́nà, a kò sì lè sọ pé wọn kò rí tiwọn sọ. Lójú tiwa, akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n dá dúró lẹ́nu àṣìṣe máa ń rántí ohùn olùkọ́. Èyí tí àṣìṣe rẹ̀ gbó mọ́ ọn lọ́wọ́ máa ń rántí òórùn. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ọ̀rá náà fi wà lórí ṣẹ́ẹ̀fù. Ní ọjọ́ kẹwàá, wọ́n ní kí ẹni tó dì í ṣí i fúnra rẹ̀ níwájú gbogbo kíláàsì. Ẹ̀wù náà ti bu, àmì dúdú wínníwínní ti bo apá rẹ̀, omi gun inú ọ̀rá, àwọn tó wà lẹ́yìn pàápàá fi ọwọ́ bomú. Omi tí kò rí ọ̀nà jáde àti ooru ni kòkòrò àìfojúrí ń fẹ́, àwọn ló sì ń gé DNA sí wẹ́wẹ́ títí kò fi ní ṣeé kà mọ́.

Bó ṣe yẹ: kí wọ́n tẹ́ pépà mímọ́ sílẹ̀, kí wọ́n gbé ẹ̀wù lé e, kí wọ́n fi pépà mìíràn sáàárín bí wọ́n bá ní láti ká a, kí ẹ̀jẹ̀ apá kan má bàa gba ara apá kejì. Bó bá ń kán sílẹ̀, ọ̀rá lè gbé e dé ibi gbígbẹ, àmọ́ kó má ju wákàtí méjì lọ. Níbẹ̀, kí wọ́n sá a nínú ilé, láìsí oòrùn, láìsí afẹ́fẹ́ gbígbóná. Lẹ́yìn ìgbà tó bá gbẹ ni àpò pépà. Pépà tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ rẹ̀ náà di ẹ̀rí, torí nǹkan lè ti jábọ́ sórí rẹ̀. Ibì kan wà tí òfin yìí yí padà pátápátá: ohun tí wọ́n bá fura pé epo bẹntiróòlù wà lára rẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti dáná sun ilé. Inú agolo irin tí ìdérí rẹ̀ le dáadáa ló ń wọ̀, nítorí inú àpò pépà, epo á fẹ́ lọ kó tó dé láàbù.

Fóònù náà kò dúró de ọjọ́ kẹwàá. Wọ́n bá a ní títàn, wọ́n gbé e sínú ọ̀rá lásán, ó ṣì ń gba nẹ́tíwọ̀kì. Ní aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, olùkọ́ kan tó jókòó sí yàrá kejì fi kọ̀ǹpútà rán àṣẹ sí i, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ sì pa rẹ́. Ohun tí olè gidi tàbí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lè ṣe nìyẹn. Fóònù tó bá wà ní pípa, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Èyí tó bá wà ní títàn, ẹ ya ojú rẹ̀ ní àwòrán, ẹ gé nẹ́tíwọ̀kì, Wi-Fi àti Bluetooth rẹ̀, ẹ kọ ohun tí ẹ tẹ̀ àti aago tí ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ wá gbé e sínú àpò Faraday, tí kì í jẹ́ kí nẹ́tíwọ̀kì wọlé. Ẹ fi ohun tó ń gba iná sí i nínú àpò náà pẹ̀lú, nítorí fóònù tó bá ń wá nẹ́tíwọ̀kì tí kò rí máa ń jẹ bátìrì kíákíá, bó bá sì kú, ó lè béèrè ọ̀rọ̀ ìwọlé tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n.

Níwájú adájọ́ àfiṣe

Súkúdìráfà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fọkàn tẹ̀ jù. Ojú rẹ̀ bá àmì ara dúrọ́ọ̀ mu. Lọ́yà olùjẹ́jọ́, tí akẹ́kọ̀ọ́ àgbà kan nínú ìmọ̀ òfin ṣe, kò tilẹ̀ bá wọn jiyàn lórí ìyẹn. Fọ́ọ̀mù àtọwọ́dọ́wọ́ ló gbé sókè, ìyẹn ìwé tó ń fi ẹni tí ẹ̀rí wà lọ́wọ́ rẹ̀ hàn, àti ìgbà tó gbà á.

“Aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ gba súkúdìráfà yìí, àbí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Ẹlòmíì sì fọwọ́ sí i pé òun gbà á lọ́wọ́ yín nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago méjìlá lù.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Ta ló wà lọ́wọ́ ẹ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú yẹn?”

“Orí tábìlì ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló wà, sà.”

“Mi ò bi yín níbi tó wà. Mo ní ta ló ń ṣọ́ ọ?”

Kò sí ìdáhùn. Ó wá gbé àpò náà fún adájọ́. Àpò pépà ni. Ẹnu súkúdìráfà ti lu ìdí rẹ̀, ihò náà gba ìka kan. Páálí líle tó yẹ kí wọ́n fi gbé e, kí wọ́n sì so ó mọ́ inú rẹ̀ kó má lè yí, ṣì wà nínú àpótí, kò sẹ́ni tó lò ó. Téépù ìdì wà lẹ́nu àpò lóòótọ́, àmọ́ kò sí ìfọwọ́sí tàbí ọjọ́ tó kọjá láti orí téépù bọ́ sára àpò, nítorí náà ẹnikẹ́ni lè ti ṣí i kó tún fi téépù mìíràn dì í. Adájọ́ ní òun kò gbà á.

Ẹnì kan nínú wọn bínú, ó ní òfin yìí le jù fún àkókò kúkúrú bẹ́ẹ̀. Kò le jù. Nínú ìgbẹ́jọ́ O. J. Simpson, gbajúmọ̀ agbábọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tí wọ́n fẹ̀sùn ìpànìyàn kàn, ní Los Angeles ní 1995, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan ti gba ìgò ẹ̀jẹ̀ olùjẹ́jọ́, kàkà kó fi í sílẹ̀ níbi tó gbà á, ó gbé e lọ sí ilé olùjẹ́jọ́ tí wọ́n ṣì ń yẹ̀ wò. Ìrìn yẹn di ọ̀kan nínú ohun tí àwọn agbẹjọ́rò rẹ̀ fi ń sọ fún ìgbìmọ̀ aráàlú tó ń dájọ́ pé àwọn ọlọ́pàá lè ti wọ́n ẹ̀jẹ̀ náà sílẹ̀ níbẹ̀. Lọ́yà kò ní láti fi hàn pé ẹnì kan fọwọ́ kan ẹ̀rí. Ó tó fún un kí olùpẹ̀jọ́ má lè sọ pé kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

Ikọ̀ kejì

Yàrá kan náà, ohun kan náà. Wọ́n yí nǹkan mẹ́ta padà. Ẹni tó ń kọ̀wé kò ní iṣẹ́ mìíràn mọ́: kò gbọ́dọ̀ gbé àpò, kò gbọ́dọ̀ di tọ́ọ̀ṣì mú fún ẹnikẹ́ni, aago àti bíírò nìkan ni tirẹ̀. Wọ́n ní kí olórí ikọ̀ ka àpò lójú olùkọ́ kí wọ́n tó wọlé, kó sì sọ ìdí tó fi fẹ́ di ohun kọ̀ọ̀kan kó tó dì í. Bí kò bá rí ìdí sọ, àwòrán tó. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àkọ́kọ́ jẹ́ ti ojú, ìbọ̀wọ́ kò tíì sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ohun méje péré ni wọ́n dì. Ẹ̀wù gbẹ lórí pépà lọ́jọ́ kejì, fóònù dé inú àpò rẹ̀ pẹ̀lú iná, fọ́ọ̀mù súkúdìráfà kò ní àlàfo, márùn-ún nínú ẹ̀rí mẹ́fà sì kọjá níwájú adájọ́. Ìkẹfà tún ni ipasẹ̀. Wọ́n rí i ní àkókò, wọ́n yẹra fún un, wọ́n gbé rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ, wọ́n wá gbé ẹsẹ̀ kan nínú mẹ́ta irin kámẹ́rà lé e lórí. Láti ìgbà náà, àmì onínọ́ńbà ni wọ́n ń kọ́kọ́ tò yí ipasẹ̀ ká kí irin kámẹ́rà tó wọlé, ẹlòmíràn tó yàtọ̀ sí ayàwòrán ló sì ń sọ ibi tí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan rẹ̀ máa bọ́ sí.